Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìyàtọ̀ Láàrin Iṣẹ́ Business Analyst àti Iṣẹ́ Product Manager

Ìfáárà

Orúkọ iṣẹ́ méjì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń bá pàdé bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé-ìfowópamọ́ tàbí àjọ ìjọba. Èkíní ni business analyst, èkejì sì ni product manager. Bí a bá ka ìkéde iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán: kí olùwáṣẹ́ mọ bí a ṣe ń fetí sí ènìyàn, kí ó lè kọ ọ̀rọ̀ tó já gaara, kí ó lè dúró láàrin àwọn tó ń lo ẹ̀rọ àti àwọn tó ń ṣe é. Ìjọra yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ gidi, àti pé ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò jíhìn lé lórí ni ó fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ẹni àkọ́kọ́ ń jíhìn bóyá a lóye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, tí a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí yóò ṣe é débi tí kò fi ní ṣì í gbọ́. Ẹnì kejì ń jíhìn bóyá ohun náà tilẹ̀ yẹ ní ṣíṣe, àti bóyá ó ń ṣe àwọn tó ń lò ó láǹfààní lẹ́yìn tí a ti mú un jáde.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wá púpọ̀. Láti ọdún 2015 ni gbogbo olùdíje ti ń ṣe ìdánwò àṣewọlé ti JAMB lórí kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀rọ ti kọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nídìí ibi tí wọ́n ti ń pinnu bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa kọ orúkọ, orúkọ náà kò ní jáde bí òbí ṣe sọ ọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwa ni a óò bi léèrè ohun tí a ń pe àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ní Yorùbá. A kò sì lè fún ohun tí a kò mọ̀ ní orúkọ.

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti ṣẹ̀

Kì í ṣe ìdílé kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ti wá. Ilé-iṣẹ́ J. Lyons ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń ta tíì, búrẹ́dì àti kéèkì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní ọdún 1951 ni ẹ̀rọ tí wọ́n fúnra wọn kọ́, tí wọ́n pè ní LEO, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣírò ohun tí búrẹ́dì àti kéèkì wọn ń ná wọn. David Caminer ni ó ṣáájú àwọn tó ń wádìí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbé e fún ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí a mọ bí ọgbọ́n wọn ti jinlẹ̀ tó. Lyons ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù tíì, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ sọ iye ọjà tí ó fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì. Àwọn olùwádìí náà wo iṣẹ́ yìí wò, wọ́n rí i pé ohun tí ṣọ́ọ̀bù kan ń gbà lọ́jọ́ Ajé kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Ajé mìíràn. Nítorí náà, wọ́n fi iye tó sábà máa ń jẹ́ sínú ẹ̀rọ. Obìnrin tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù kàn ń fi tẹlifóònù sọ ibi tí ìyípadà bá wà ni. Akọ̀wé yóò lu ìyípadà náà sórí páálí, ẹ̀rọ yóò sì ṣe ìyókù.

Ohun tó yẹ kí a fi ọkàn sí níhìn-ín ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló mú iṣẹ́ fúyẹ́ ní pàtàkì. Ẹnì kan ló jókòó, tí ó béèrè bí búrẹ́dì ṣe ń ti ibi ìdáná dé orí tábìlì oníbàárà, tí ó sì rí ohun tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ti mọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò kà sí nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ka Caminer sí baba iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé systems analyst ni orúkọ tó gbajúmọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 2003 ni àwọn business analyst dá ẹgbẹ́ àgbáyé tiwọn sílẹ̀ ní ìlú Toronto, ní Kánádà.

Ọṣẹ ni product manager ti ṣẹ̀ ní tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1931, Neil McElroy, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Procter & Gamble ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé olójú-ewé mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ọṣẹ Camay ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ivory, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe, ni gbogbo ojú ń wò. McElroy ní kí wọ́n fún ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀: ẹni tí yóò máa lọ wo ibi tí ó ti ń tà àti ibi tí kò ti tà, tí yóò wádìí ìdí rẹ̀, tí yóò dábàá àtúnṣe, tí a ó sì bi léèrè bí àtúnṣe náà kò bá so èso. Ìmọ̀ràn yìí ni ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ lé, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì kọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà mú un lò. McElroy fúnra rẹ̀ di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà ní 1948, ó sì di mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà láti 1957 sí 1959. Kò dájú pé ọṣẹ ló gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè dáàbò bo Camay lọ́wọ́ Ivory, ó ti kọ́ ìjà díẹ̀.

Nítorí náà, ọ́fíìsì ni ọ̀kan ti wá, níbi tí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tí a sì fẹ́ lóye rẹ̀. Orí àtẹ ni èkejì ti wá, níbi tí kò ti sí ẹni tó pa á láṣẹ fún oníbàárà pé kí ó ra ọjà.

Orúkọ tí ó di àpótí òfìfo

Ẹ jẹ́ kí a fi inú ro ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ ti fẹnu kò. Wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀. Àwọn tí yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà náà sì ti wà nílẹ̀. Business analyst ni ó kàn. Kò ní kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Yóò lọ bá akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù, yóò lọ bá akápò, yóò bi olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó ń fọwọ́ sí, yóò sì jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sórí ìlà láti òwúrọ̀. Ohun tí ó ń wá ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an. Ìwé òfin lè sọ pé ẹni tí kò bá san owó ilé-ẹ̀kọ́ tán kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n bí atúpalẹ̀ bá bi akọ̀wé tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ léèrè dáadáa, ó lè gbọ́ pé ọmọ tí òbí rẹ̀ mú ìdajì owó wá máa ń gba ìwé ìyọ̀ǹda, kí ó lè ṣe ìdánwò. Bí kò bá gbọ́ èyí, òfin nìkan ni ẹ̀rọ yóò mọ̀. Ní àárọ̀ ìdánwò, ẹ̀rọ yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà, kò sì ní sí akọ̀wé kankan tí yóò lè ṣí i.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wa náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ètò yìí gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà Yorùbá,” ó dà bí ẹni pé ó ti sọ̀rọ̀, kò sì tíì sọ nǹkan kan. Nínú Unicode, èyí tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà ayé òde òní fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Á àti à pẹ̀lú ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkànpọ̀ ni wọ́n. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè ti ara é bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ ẹ̀rọ láti mú wọn bára dọ́gba, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú rẹ̀. Àwọn kan tún wà tí ó jẹ́ pé ìlà kékeré ni wọ́n ń fà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kíún, bí ìwé àtijọ́ ti máa ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Ọ̀pẹ́yẹmí lè forúkọ sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá, kí akọ̀wé wá orúkọ náà lóṣù Kejì kí ó má rí i, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ìwé ẹ̀rí bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àpótí òfìfo ni yóò tẹ̀ sí ibi tí ọ̀ yẹ kí ó wà.

Ohun tí atúpalẹ̀ tó mọṣẹ́ yóò kọ gùn ju gbólóhùn kan lọ. Yóò sọ pé kí ètò náà gba àmì ohùn lórí fáwẹ́lì gbogbo àti lórí ń àti ǹ. Kí ó sọ ọ̀nà ìkọ̀wé gbogbo di ọ̀kan kí ó tó fi orúkọ pamọ́. Kí ẹni tó bá tẹ “Opeyemi” láìfi àmì sí i rí Ọ̀pẹ́yẹmí. Kí a sì fi orúkọ mẹ́wàá tí a ti yàn dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò kí a tó sanwó ìkẹyìn fún àwọn tó kọ ètò náà. Gbogbo èyí ṣeé wò, ó sì ṣeé sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí. Ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́pù, tí wọ́n ya fọ́tò, ta ni yóò máa wò ó lọ́dún tó ń bọ̀? Níhìn-ín ni ilé-ẹ̀kọ́ wa pọ̀ jù ti ń kọsẹ̀. Product manager ni ẹni tí kò ní kúrò nídìí rẹ̀. Òun ni yóò rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó fún àwọn oní-kọ̀ǹpútà lẹ́nu géètì kí wọ́n bá wọn forúkọ sílẹ̀, tí yóò sì béèrè ìdí. Bí ó bá rí i pé ojú-ìwé kẹta kò ṣí lórí fóònù kékeré, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ pé èyí ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe. Akápò lè fẹ́ ìròyìn owó tuntun. Ọ̀gá àgbà lè fẹ́ kí àwòrán òun fẹ̀ sí i ní ojú-ìwé àkọ́kọ́. Àgbà ń sọ̀rọ̀, owó sì mọ níwọ̀n. Ẹni yìí ni yóò fi ọ̀wọ̀ sọ pé rárá, kò tíì yá, tí yóò sì ṣàlàyé ìdí. Iṣẹ́ tó le ni nínú àwùjọ wa, níbi tí ọmọdé kì í ti í sọ fún àgbà pé kí ó dúró.

Nígbà tí a kò bá mọ ẹni tí yóò lò ó

Àwọn tí yóò lo ètò ìforúkọsílẹ̀ kò farasin. Ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan mìíràn: pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá fún fóònù. Kò sí akọ̀wé àgbà tí a ó lọ bá. Olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn lè lò ó. Oníṣòwò ní Èkó lè lò ó. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbọ́ èdè ṣùgbọ́n tí kò mọ àmì ohùn, lè lò ó láti fi kí ìyá rẹ̀ àgbà. Yorùbá Kétu ní ilẹ̀ Benin náà ń bẹ, àkọtọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn sì ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ, ó ń kọ sh fún ṣ àti kp fún p tiwa. Ta ni a ó kọ́kọ́ ṣe é fún? Ṣé kí ẹ̀rọ máa fi àmì ohùn sí i fúnra rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ kí ènìyàn yàn? Ṣé ọ̀fẹ́ ni? Kò sí ìwé òfin tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Product manager ni yóò yàn, yóò fún àwọn díẹ̀ lò, yóò wo ohun tí wọ́n ń ṣe ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ, yóò sì tún yàn. Bí ó bá yàn tán tí kò sí ẹni tó lò ó, òun ni a ó bi.

Nígbà tí ó bá ti yàn ni iṣẹ́ atúpalẹ̀ tún dé. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́yìn tí ó kọ ọ̀, ṣé àmì ohùn nìkan ni yóò lọ, tàbí lẹ́tà pẹ̀lú àmì rẹ̀? Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ àròkọ olójú-ewé mẹ́rin lórí fóònù mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀

Kò yẹ kí a ṣe bí ẹni pé ààlà náà tọ́ gbọnrangandan níbi gbogbo. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹnì kan ni ó ń ṣe méjèèjì. Èyí kò burú, bí ẹni náà bá mọ ìgbà tí ó bọ́ fìlà kan tí ó sì dé òmíràn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àlàyé ṣíṣe rọrùn láti fi hàn ọ̀gá, yíyàn kò sì rọrùn. Bí ọjọ́ bá ń lọ, ìwé yóò máa pọ̀ sí i, kò sì ní sí ẹni tó ń béèrè bóyá ohun tí a ń kọ ìwé lé lórí wúlò. Scrum, ìlànà iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tún dá kún un: ó mọ ẹni tí ó ń pè ní product owner, ṣùgbọ́n kò dárúkọ business analyst rárá. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn atúpalẹ̀ kan jí lọ́jọ́ kan wọ́n rí i pé orúkọ iṣẹ́ wọn ti yí padà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fún wọn ní àṣẹ láti yàn.

Ìmọ̀ràn wa fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni pé kí ó má ṣe gbọ́kàn lé orúkọ iṣẹ́. Kí ó béèrè pé, “Ta ni ó ń pinnu ohun tí a kò ní ṣe?” Bí wọ́n bá ní òun ni, iṣẹ́ product manager ni wọ́n fẹ́ gbé fún un, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Àwọn àgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ti ṣe bẹbẹ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú apá kejì, wà lára ohun tí a fi ń kọ́ni ní Yorùbá títí di òní. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó jẹ wọ́n lógún. Iṣẹ́ inú ọ́fíìsì kù sí wa lọ́wọ́.

Business analyst kò fi bẹ́ẹ̀ nira. A ti ní ìtúpalẹ̀. A ń túpalẹ̀ gbólóhùn, a ń túpalẹ̀ ewì. Ìṣòro ibẹ̀ ni business. Bí a bá pè é ní “atúpalẹ̀ òwò,” a ti yọ ilé-ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́ yìí ń bẹ ní gbogbo wọn. “Atúpalẹ̀-iṣẹ́” ni a fara mọ́, nítorí pé iṣẹ́ gbà wọ́n tán.

Product manager ni ó gba ìrònú. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “alákòóso ọjà” ti fi oyè Ìyálọ́jà jẹ ọmọ ọ́fíìsì, nítorí pé ọjà ni a ń pe ibi ìtajà, ọjà náà sì ni a ń pe ohun títà. Olùdarí àti alákòóso tún ní àléébù mìíràn: wọ́n ń tọ́ka sí ọ̀gá tó ní ọmọ-iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò sí lábẹ́ product manager. Ohun náà ló wà ní ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe àwọn ènìyàn. Èyí ni ó mú kí a yan “alámòójútó.” Fún product, “àmújáde” sàn ju ọjà lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a mú jáde ni a ń tà. “Alámòójútó-àmújáde” gùn lẹ́nu díẹ̀, a gbà. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì ní mú kí òǹkàwé ronú kan Ìyálọ́jà, kí ó fi ránṣẹ́.

Nínú kíláàsì

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ yìí kọ́ni kò nílò kọ̀ǹpútà. Kí ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìkàwé ní méjì méjì. Kí ẹni kìíní bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì fi Yorùbá kọ ọ́ sílẹ̀, ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀, bí ìwé ṣe ń ti orí pẹpẹ dé ọwọ́ ẹni tó yá a, títí tí yóò fi padà. Kí ẹnì kejì wo àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń padà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó mú ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí a yí padà, kí ó sì gbèjà rẹ̀ níwájú kíláàsì. Kíákíá ni a ó lè díwọ̀n iṣẹ́ ẹni kìíní: a ó fún ẹni tí kò dé ilé-ìkàwé náà rí, a ó sì wò ó bóyá yóò lè fi ohun tí ó kà yá ìwé láìbéèrè. Ti ẹnì kejì yóò di ìparí sáà, nígbà tí a bá padà lọ ka orúkọ àwọn tó yá ìwé.